Ta Ló Gbé Orin Náà Dé Etí Wa?

Ọ̀rọ̀ orin ráàpù tí àwọn obìnrin ń ṣe ni mo gbé wá lónìí, pàápàá orin abẹ́lẹ̀, ìyẹn orin àwọn tí orúkọ wọn ò tíì kọjá àdúgbò, tí ilé iṣẹ́ ńlá kankan ò tíì bá wọn tọwọ́ bọ̀wé.

Bí mo bá ti dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láàárín àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ rédíò, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Mélòó ni wọ́n gan-an?" Wọ́n á ka Nicki Minaj, wọ́n á ka Cardi B, bóyá wọ́n á rántí Sasha P, ó parí. Èmi ò gbà pé àwọn obìnrin tó ń ṣe ráàpù ṣọ̀wọ́n. Ẹni tí yóò gbé wọn dé etí wa ló ṣọ̀wọ́n. Ohun tó sì jọ mí lójú jù nínú ìtàn hip-hop ni pé iṣẹ́ gbígbé orin tuntun dé etí aráyé yìí gan-an, obìnrin wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Bronx, nílùú New York. Lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1973, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Cindy Campbell pe àríyá sí gbọ̀ngàn ìgbafẹ́ tó wà nínú ilé alájà púpọ̀ tí ìdílé rẹ̀ ń gbé, ojúlé 1520 ní òpópónà Sedgwick. Láti Jàmáíkà ni wọ́n ti wá. Ilé ìwé ti fẹ́ wọlé, Cindy sì ń wá owó tí yóò fi ra aṣọ tuntun, kó má baà jẹ́ pé aṣọ èṣí ni yóò wọ̀ padà sí kíláàsì. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ìpè sórí páálí pélébé. Ó dá iye owó ìwọlé: sẹ́ǹtì 25 fún obìnrin, sẹ́ǹtì 50 fún ọkùnrin. Lẹ́yìn náà ló ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Clive, wá máa gbé àwo sí i fún àwọn àlejò. Clive yìí ni DJ Kool Herc. Herc ti ṣàkíyèsí pé ibi tí akọrin bá ti dákẹ́, tó ku ìlù nìkan, ibẹ̀ ni orí àwọn oníjó máa ń wú jù. Ó wá ń wá ọ̀nà láti fa ibẹ̀ gùn, ó ń fi àwo méjì gba ara wọn lọ́wọ́ kí ìlù má baà tán. Orí ìlù gígùn yẹn ni ráàpù dúró lé títí dòní.

Wọ́n ń pe Herc ní baba hip-hop, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ tiwa níbí, ẹni tó pe ayẹyẹ ló ni ayẹyẹ. Onílù, ẹni tí a bẹ̀ wá ṣeré ni. Cindy ló pe ayẹyẹ.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, hip-hop ṣì wà ní páàkì, ní gbàgede ilé ìwé, àti nínú kásẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ àdúgbò ń dà kọ lọ́wọ́ ara wọn. Díẹ̀ ni àwọn tó rò pé ó ṣe é tẹ̀ sórí àwo. Sylvia Robinson wà lára àwọn díẹ̀ náà. Sylvia kì í ṣe ọmọdé nídìí orin. Òun àti Mickey Baker ló kọ "Love Is Strange" láyé ọjọ́un, òun nìkan ló sì kọ "Pillow Talk" tó gbòde ní 1973. Nígbà tó fi máa di 1979, iṣẹ́ àwo orin tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń ṣe ti fẹ́ dẹnu kọlẹ̀. Ló bá lọ síbi ayẹyẹ kan ní ilé ijó tí wọ́n ń pè ní Harlem World. Níbẹ̀ ló ti gbọ́ DJ kan tó ń sọ̀rọ̀ lé ìlù lórí, tí gbogbo ilé ń dá a lóhùn. Ẹni tó ti pẹ́ nínú òwò ni, ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé owó ń bẹ níbẹ̀.

Kò lọ bá àwọn ọ̀gá tó ti ń ṣe é ní Bronx. Ní Englewood, ní New Jersey níbi tó ń gbé, ọmọkùnrin kan wà tó ń ta píísà, tó sì máa ń ráàpù nídìí iṣẹ́. Wọ́n pè é jáde, ó ráàpù fún Sylvia nínú ọkọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn méjì mìíràn náà sì dá tiwọn. Bí Sugarhill Gang ṣe di ẹgbẹ́ nìyẹn. "Rapper's Delight" jáde lọ́dún náà, ó gùn ju ìṣẹ́jú 14 lọ, òun sì ni àwo ráàpù àkọ́kọ́ tí àwọn tí kò gbé New York rí wá ń kọ lẹ́nu. N ò ní sọ Sylvia di ẹni mímọ́ o. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí ọmọ oní-píísà yẹn fi ráàpù, ọ̀rọ̀ Grandmaster Caz, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá Bronx yẹn, ni, wọn ò sì kọ orúkọ Caz sí i, wọn ò fún un lówó. Oníṣòwò tó le ni Sylvia. Àmọ́ etí rẹ̀ mú. Ní 1982, nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Grandmaster Flash, tí òun náà ń gbé àwo wọn jáde, ní àwọn ò fẹ́ orin kan tó ń sọ ìyà àdúgbò tálákà, tí wọ́n ní ta ló fẹ́ jó sí irú èyí, Sylvia ni kò gbà. Orin náà ni "The Message". Bí ẹ bá rí ẹni tó sọ pé ráàpù lè sọ òtítọ́ nípa ìgbésí ayé mẹ̀kúnnù, orin yẹn ni wọ́n máa ń nàka sí. Sylvia kú ní 2011. Ọdún 2022 ni wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ sí ilé ọlá Rock and Roll Hall of Fame.

Sylvia yìí náà ló mú The Sequence. Ọmọbìnrin mẹ́ta ni wọ́n, láti Columbia, ní South Carolina, ibi tó jìnnà sí New York pátápátá. Sugarhill Gang wá ṣeré nílùú wọn, àwọn ọmọbìnrin náà wá ọ̀nà dé ẹ̀yìn ìtàgé, wọ́n kọrin fún Sylvia lórí ìdúró. Kó tó di pé ọdún 1979 parí, "Funk You Up" ti jáde, àwo ráàpù àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ obìnrin ṣe. Ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Angie B nígbà náà ni Angie Stone tí ẹ̀yin olólùfẹ́ orin soul mọ̀, tí ìjàǹbá ọkọ̀ mú lọ ní oṣù Kẹta ọdún 2025. Nínú ọ̀pọ̀ ìròyìn ikú rẹ̀ tí mo kà, ìpínrọ̀ kékeré kan ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ ráàpù.

Ní Philadelphia, ọmọ rédíò bíi tiwa kan wà, wọ́n ń pè é ní Lady B. Òun fúnra rẹ̀ ṣe àwo ráàpù ní 1979, ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ tí obìnrin dá ṣe. Ṣùgbọ́n ìdí gbohùngbohùn rédíò ló ti ṣiṣẹ́ jù. Nígbà tí àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ rédíò ń sọ pé ariwo ọmọdé ni ráàpù, Lady B ń gbé e sáfẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ẹni tí ọmọ olórin gbọ́dọ̀ wá rí bó bá fẹ́ kí Philadelphia mọ òun.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn wọ̀nyí ni ti Roxanne Shanté, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Lolita Gooden ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ọmọ ọdún 14 ni ní 1984, ó ń gbé nínú ọgbà ilé ìjọba ní Queensbridge. Lọ́dún náà, àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní UTFO ṣe orin kan nípa ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Roxanne, tí gbogbo wọn kọnu ìfẹ́ sí, tó sì kọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Orin náà gbòde. Àwọn UTFO yìí sì ti já Mr. Magic kulẹ̀. Mr. Magic ní ètò ráàpù lórí rédíò WBLS, òun àti Marley Marl tó ń bá a gbé àwo sì ti polówó eré kan tí UTFO ní àwọn máa wá, wọn ò wá. Inú ń bí wọn, wọ́n ń wá bí wọn yóò ṣe fèsì. Shanté, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ ò ṣe é dì, ní òun á bá wọn fèsì. Ó ń lọ fọ aṣọ lọ́jọ́ náà, ohun tó sọ fún Marley Marl ni pé kó tètè ṣe é, torí aṣọ ń dúró de òun. Inú yàrá tí Marley ń gbé ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Kò kọ ọ́ sínú ìwé, kò tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló sọ ọ́ tán, ó gbé aṣọ rẹ̀, ó lọ.

Mr. Magic gbé orin náà sórí rédíò. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kò sí ibi tí wọn ò ti gbọ́ "Roxanne's Revenge" ní New York. UTFO fèsì, wọ́n mú ọmọbìnrin mìíràn wá pé òun ni Roxanne tòótọ́, ẹlòmíì jáde pé òun ni àbúrò Roxanne, àwọn mìíràn ní àwọn ni òbí rẹ̀. Àwọn èsì náà di àìmọye. Ọmọ tí kò tíì tó ẹni tí wọ́n ń fún ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin ẹ wo ọ̀nà tí orin náà gbà: kò sí mánéjà, kò sí ilé iṣẹ́ ńlá, ẹ̀rọ nínú yàrá àti ètò rédíò kan ni. Ní 1985, nígbà tí wọ́n kó àwọn alágbára ẹnu jọ fún ìdíje ní New York, Shanté dé àṣekágbá, Busy Bee ni wọ́n fún ní ipò kìíní. Shanté ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé torí òun jẹ́ ọmọbìnrin ni wọn ò ṣe gbé e fún òun.

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi lè máa sọ pé ṣé èyí náà ni ìtàn. Òótọ́ ni, ẹ ti rí irú rẹ̀. Ní 1976, Salawa Àbẹ̀ní gbé àwo wákà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde lábẹ́ Leader Records, ó fi dárò Ọ̀gágun Murtala Mohammed tí wọ́n pa lọ́dún náà. Ọmọ kékeré ni òun náà nígbà yẹn. Kó tó dé, Batile Alákẹ́ ti gbé wákà kúrò ní orin àsìkò ààwẹ̀ àti ayẹyẹ ẹ̀sìn, ó gbé e wọ orí àwo. Rédíò àti àwọn tó ń ta àwo létí títì ló gbé ohùn wọn kiri. Àwa Yorùbá ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ obìnrin lórí ìlù ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó ti gbọ́ ẹkún ìyàwó láti ẹnu ọmọge tó mọ ọ́n ṣe, tàbí tó ti gbọ́ bí ìyá àgbà ṣe ń ki oríkì láì mí, kò ní bi mí pé ṣé obìnrin lè ráàpù.

Àwọn tó tẹ̀ lé Shanté, ìyẹn MC Lyte, Queen Latifah, Salt-N-Pepa, títí dé Lauryn Hill tó gba ẹ̀bùn àwo orin tó dára jù lọ́dún ní Grammy 1999, ẹ ti mọ̀ wọ́n, n ò ní dúró lórí wọn. Ẹ kàn jẹ́ kí n fi kókó kan kún un. Láti 1996 ni Grammy ti ń fún àwo ráàpù tó dára jù ní ẹ̀bùn tirẹ̀. Títí di oṣù Kejì ọdún 2025, obìnrin mẹ́ta péré ló ti gbà á: Lauryn Hill pẹ̀lú ẹgbẹ́ Fugees, Cardi B, àti Doechii. Doechii yìí, inú yàrá rẹ̀ ló ti ń ya fídíò ara rẹ̀ sórí YouTube lọ́dún púpọ̀ kí ilé iṣẹ́ orin tó mọ̀ ọ́n.

Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, orí òrùlé ni orin abẹ́lẹ̀ gbà kọjá. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń gbé eriali lọ sórí ilé gogoro lóru, wọ́n á dá rédíò sílẹ̀ láìgbàṣẹ, ìjọba á wá tú u, wọ́n á tún gbé òmíràn lọ. Rinse FM bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 1994, ọdún 2010 ni wọ́n tó fún un níwèé àṣẹ. Lára àwọn tó sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ni Julie Adénúgà, ọmọ Yorùbá láti Tottenham, àbúrò Skepta olórin. Nígbà tí Apple dá rédíò tiwọn sílẹ̀ ní 2015, èèyàn mẹ́ta ni wọ́n fi síwájú, ọ̀kan ní Los Angeles, ọ̀kan ní New York, Julie ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ọmọ wa mìíràn, Fẹ́mi Adéyẹmí, ló dá NTS sílẹ̀ ní Dalston ní 2011. Rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, kò sí irú orin tí kì í gbé. Bí ẹ bá ní dátà, tẹ́ ẹ sì fẹ́ gbọ́ ohun tí rédíò tiwa ò ní gbé fún yín, èmi náà kúkú ń ṣiṣẹ́ níbí, mo sì ń sọ ọ́ lẹ́nu ara mi, ẹ lọ síbẹ̀.

Láti irú àyíká bẹ́ẹ̀ ni Little Simz ti jáde. Simbiatu Abísọ́lá Abíọ́lá Àjíkáwọ̀ọ́ ni orúkọ rẹ̀, Islington ni wọ́n bí i sí ní 1994, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àdúgbò kan ni wọ́n ti kọ́ ọ ní orí ìtàgé. Ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Age 101, ó ń gbé orin rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, fún ọdún púpọ̀, àwo ńlá rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní 2015. Ọdún 2022 ló gba ẹ̀bùn Mercury fún àwo tí lẹ́tà àkọ́kọ́ inú àkọlé rẹ̀, bí ẹ bá tò wọ́n, jẹ́ Simbi. Ó gba ti Brit náà lọ́dún yẹn, ó sì mú ìyá rẹ̀ gun orí ìtàgé. Ó wá sí Èkó wá ya fídíò "Point and Kill". Ní 2022 yẹn kan náà ló fagi lé ìrìn àjò eré tó fẹ́ lọ ṣe ní Amẹ́ríkà. Ó sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba: òun lòun ń san gbogbo owó, bí òun bá sì lọ, gbèsè ńlá ni òun máa kó bọ̀. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ẹni tó gba ẹ̀bùn ńlá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwo orin lọ́dún kan náà, kò rówó ọkọ̀ àti ti àwọn onílù rẹ̀. Bí ti ẹni tó lókìkí bá rí báyìí, ẹ fojú inú wo ti ẹni tí kò tíì lórúkọ.

Lẹ́yìn Simz, ẹ wá ENNY, Ẹnítàn Adépìtàn, tó ṣe "Peng Black Girls" ní 2020. Ohùn rẹ̀ tutù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò tutù. Ẹ wá Flohio náà, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, tó dàgbà sí Bermondsey. Tirẹ̀ le, ó dà bí ẹni ń fọ́ òkúta, kì í ṣe orin tí ẹ máa gbé sí i nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn.

Ẹ jẹ́ kí n yà sí Kúbà díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ rédíò ló wà níbẹ̀. Ní Alamar, lẹ́yìn Havana, àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi wáyà ṣe eriali fúnra wọn sórí òrùlé kí wọ́n lè gbọ́ rédíò Miami, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ráàpù. Ní 1995, wọ́n ṣe àjọ̀dún ráàpù àkọ́kọ́ ní Alamar. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Magia López àti Alexey Rodríguez dá ẹgbẹ́ Obsesión sílẹ̀ ní Regla, ìlú tí àrọ́mọdọ́mọ àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ti ń bọ Yemọja títí dòní. Magia wá di olórí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ráàpù ní gbogbo Kúbà. Níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ò ti rọrùn, inú ẹ̀rọ ìpamọ́ kékeré ni orin ń gbà rìn: lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹnì kan á gbé orin, fíìmù àti ìròyìn wá sílé rẹ, wàá dà á kọ, wàá sanwó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé mẹ́mórì káàdì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta orin létí títì, tẹ́ ẹ ní kí wọ́n kó orin tuntun sí i, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Nílé ńkọ́? Weird MC ti wà nídìí ráàpù láti àwọn ọdún 1990 wá, ṣùgbọ́n "Ìjó Yá" ní 2006 ló mú kí àwọn ìyá wa pàápàá máa pe orúkọ rẹ̀. Sasha P bọ́ sójú agbo lábẹ́ Storm Records, "Àdàrà" sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2009. Mo'Cheddah gba ẹ̀bùn olórin tuntun níbi ayẹyẹ MTV ilẹ̀ Áfíríkà ní 2010. Lẹ́yìn náà ni Eva Alordiah dé. Candy Bleakz wá jáde láti ìgboro Èkó, "Tikuku" rẹ̀ ní 2022 fi hàn pé ẹnu obìnrin lè gbé Yorùbá ìgboro yẹn bí ẹnu olórin ráàpù nì, Dagrin, ṣe gbé e. Mo gbà pé òun ni ohùn tó yẹ ká máa fi ṣàpẹẹrẹ, torí kò sá fún èdè tiwa láti jọ ará òkèèrè. Ọ̀nà ò sì rọrùn fún àwọn obìnrin yìí: láyé ìgbà tí ọjà Alaba ló ń pàṣẹ fún orin, máákẹ́tà ló máa ń sọ ẹni tí orúkọ rẹ̀ máa wọ inú CD àpapọ̀ tí wọ́n ń tà nínú gó-sílóò. Èyí tó bá jẹ́ ti obìnrin, wọ́n á ní kó lọ kọ orin ìfẹ́. Ọ̀pọ̀ lọ kọ ọ́. A ò lè dá wọn lẹ́bi, oúnjẹ ni wọ́n ń wá.

Ní báyìí, kò sí máákẹ́tà lẹ́nu ọ̀nà mọ́, àmọ́ ẹ̀rọ ti gba ipò rẹ̀. Áàpù orin máa ń wo ohun tẹ́ ẹ ti gbọ́, irú rẹ̀ ló sì máa gbé wá. Bó bá jẹ́ ráàpù ọkùnrin lẹ ti ń gbọ́ láti ọdún tó kọjá, ọkùnrin náà ni yóò máa kó fún yín títí. Ẹ̀yin lẹ máa dá a dúró, tí ẹ máa fọwọ́ ara yín wá nǹkan mìíràn. Ọ̀nà tí mo gbà ń rí tèmi nìyí: mo máa ń wo orúkọ ẹni tó bá olórin kọ ẹsẹ kan nínú orin rẹ̀. Ẹsẹ kan tí Noname kọ fún Chance the Rapper ní 2013 ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ̀ ọ́n. Ilé ìkàwé ìjọba ní àárín ìgboro Chicago ni òun ti kọ́ ráàpù, níbi tí wọ́n ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ láti máa dìde sọ ọ̀rọ̀ wọn síwájú ẹgbẹ́. Ó gbé "Telefone" síta lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2016, ó lọ ṣeré kiri, owó eré náà ló fi ṣe "Room 25" láìyá owó ilé iṣẹ́ kankan. Bákan náà ni Rapsody: ẹni tó bá gbọ́ ẹsẹ rẹ̀ nínú àwo Kendrick Lamar ti 2015, tó sì tẹ̀ lé orúkọ náà, yóò dé orí "Eve" ti 2019, níbi tí orúkọ obìnrin aláwọ̀ dúdú ti jẹ́ àkọlé orin kọ̀ọ̀kan.

Ẹ máa wo orúkọ ẹni tó ṣe ìlù náà pẹ̀lú. Ẹni tó bá ṣe ìlù fún obìnrin kan tó dáńgájíá, ó ṣeé ṣe kó ti ṣe fún mẹ́ta mìíràn tẹ́ ò mọ̀. Lórí Bandcamp, ẹ lè fi orúkọ ìlú wá orin, ẹ tẹ Èkó, Ìbàdàn tàbí Accra, ẹ wo ohun tó máa jáde. Bandcamp máa ń gba ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí orin tẹ́ ẹ bá rà, olórin ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù, àwọn ọjọ́ Ẹtì kan sì wà tí wọn kì í gba kọ́bọ̀. Audiomack rọrùn fún àwọn ọmọ wa, torí kò gba owó kí wọ́n tó gbé orin sí i. Ti Spotify lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: láti 2024, orin tí wọn ò bá gbọ́ tó ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ọdún kan, kò ní mú owó kankan wá fún ẹni tó kọ ọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọmọbìnrin kan tí orin rẹ̀ wà ní irínwó, gbígbọ́ tí ẹ bá ń gbọ́ ọ pẹ̀lú àwọn ará ilé yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á pè wá láìpẹ́, á ní ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìsọkúsọ ni àwọn obìnrin yìí ń sọ lórí orin. Òmíràn ń sọ ọ́. Àwọn ọkùnrin náà ń sọ ọ́ láti 1979, a sì ń jó sí i níbi ìsọmọlórúkọ. Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn yẹn ná.

Ẹ̀yin DJ tó ń gbọ́ mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ètò lórí rédíò lóru, tẹ́ ẹ ń ṣeré ní pátì lọ́jọ́ Sátidé, ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Bí ọmọbìnrin bá fi orin ráàpù rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ gbọ́ ọ tán kẹ́ ẹ tó bi í pé ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọbìnrin náà, ẹ má fi orin tí kò ní orúkọ ránṣẹ́ sí wa mọ́. Ẹ kọ orúkọ yín, orúkọ ẹni tó ṣe ìlù, ìlú tẹ́ ẹ ti wá àti nọ́ńbà tá a lè pè sára orin náà, kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. A máa ń gba ọ̀pọ̀ orin lójúmọ́, èyí tí a ò bá mọ ẹni tó ni ín, a kì í lè gbé e. Ẹ fi í ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.